Mo lọ tún eyín ṣe ní Bódìjà, ni mo bá bi dókítà léèrè owó oṣù ẹ̀

Kúlíkúlí ló fà á. Mo mu gààrí lọ́jọ́ Sátidé kan, gààrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa, mo ju kúlíkúlí sẹ́nu, mo gé e, mo gbọ́ pá lápá ọ̀tún nísàlẹ̀, mo rò pé kúlíkúlí ló fọ́, àṣé eyín mi ni. Eyín yẹn ti lu tẹ́lẹ̀, mi ò ní parọ́ fún yín, ó ti tó ọdún méjì tí ihò kékeré ti wà lára ẹ̀ tí ẹran máa ń há sí, mo kàn máa ń fi ìtayín yọ ọ́ ni, ayé ń lọ. Lóru ọjọ́ yẹn mi ò fojú ba oorun. Mo fi omi iyọ̀ yọ ẹnu, mo gún aáyù mo fi lé e, mo gbé Panadol mẹ́ta mì lẹ́ẹ̀kan náà (ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o), nígbà tó di ọjọ́ kẹta mo ra oògùn tí wọ́n ń polówó nínú bọ́ọ̀sì ní Ìwó Road, tí wọ́n ní tó bá ti kan kòkòrò eyín, kòkòrò á kú. Oògùn yẹn bó mi ní èrìgì, eyín ò sì yé dùn.

Ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn eyín tí mo wá padà lọ ní Bódìjà ni mo fẹ́ sọ, bí wọ́n ṣe tọ́jú mi, iye tí wọ́n gbà, àti ọ̀rọ̀ kan tó ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́, ìyẹn ni pé èló gan-an ni dókítà eyín ń gbà nílùú yìí, tá a bá fi wé dókítà ara, lọ́yà, àwọn oníoògùn òyìnbó àtàwọn tó kù. Mo nídìí tí mo fi ń béèrè. Ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ kọ JAMB, ó ní Dentistry lòun fẹ́ kà ní UI, bàbá ẹ̀ ní kí ló dé tí kò ní ka Medicine tààrà, ṣé torí eyín lèèyàn á ṣe jókòó ti ìwé fún ọdún mẹ́fà. Ilé wa ò rọgbọ láti oṣù kan torí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí eyín wá gbé èmi fúnra mi dé iwájú dókítà eyín, mo ní ó tán, ẹni tí mo máa bi nìyí.

Mi ò ní dárúkọ ilé ìwòsàn yẹn o, torí mo ní àlébù tí mo fẹ́ sọ nípa wọn, mi ò sì fẹ́ ba ọjà ọlọ́jà jẹ́.

Kí n tó débẹ̀ mo ti kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tí wọ́n júwe fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì, ó wọ aṣọ funfun, ó ní 6,000 lòun ó fi yọ ọ́ dànù lójú ẹsẹ̀. Mo wo abọ́ tó kó irinṣẹ́ ẹ̀ sí, omi inú ẹ̀ pọ́n, mo ní mò ń bọ̀, mi ò padà. Mo tún lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba kan, aago méje kọjá díẹ̀ láàárọ̀ ni mo débẹ̀, èèyàn ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, dókítà méjì péré ló ń dá gbogbo wa lóhùn, aago kan ọ̀sán ni wọ́n rí mi, wọ́n fún mi ní oògùn wọ́n ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ kẹta torí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ eyín ti bàjẹ́. Mi ò bínú sáwọn dókítà yẹn rárá, mo rí i lójú wọn pé ó ti rẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti pọ̀ jù fún ẹni tí ò lè jẹ ẹ̀bà.

Ni mo bá wọ Máíkírà láti Mọ́kọ́lá lọ sí Bódìjà. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n wà. Tó bá jẹ́ ti ìmọ́tótó, wọ́n gba gbogbo máàkì lọ́wọ́ mi. Irinṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ lò fún mi, inú ọ̀rá tí wọ́n lẹ̀ pa ló wà, ojú mi ni dókítà ti já a, ó fi àmì kan hàn mí lára ọ̀rá náà, ó ní àmì yẹn máa ń yí àwọ̀ padà tí ooru omi inú ẹ̀rọ bá ti gbóná débi tó lè pa kòkòrò, ó ní tí ẹ bá lọ síbòmíì tí wọn ò já ọ̀rá lójú yín, ẹ béèrè. Mo ti ń lọ sọ́dọ̀ dókítà láti kékeré, kò sẹ́ni tó sọ irú ẹ̀ fún mi rí.

Ohun tí ò dáa ńbẹ̀ rèé. Wọ́n ní kí n wá ní aago mẹ́wàá, aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n pè mí, kò sì sẹ́ni tó bẹ̀ mí. Ọmọbìnrin tó wà níwájú tó ń gba orúkọ, fóònù ló ń tẹ̀, tí mo bá bi í léèrè ọ̀rọ̀ kò ní gbójú sókè. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé kò síbi tí wọ́n kọ iye owó sí. Ẹ ò lè mọ iye tẹ́ ẹ máa san àfi tẹ́ ẹ bá dórí àga tí ẹnu yín ti là sílẹ̀, ta ló fẹ́ na ọjà nígbà yẹn? Ó yẹ kí wọ́n lẹ iye owó mọ́ ògiri, kí olówó mọ̀, kí ẹni tí ò lówó lè lọ múra.

Káàdì àti rírí dókítà jẹ́ 5,000, ẹksirée eyín jẹ́ 6,000. Dókítà tó tọ́jú mi, obìnrin ni, kò lè ju ọdún méjìlélọ́gbọ̀n lọ, ó gbé ẹksirée síwájú iná ó wá ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ níwèé, tíṣà sì lèmi náà, mo mọ ẹni tó mọ iṣẹ́ tá a bá ń sọ nípa kíkọ́ni. Mo bi í nípa kòkòrò. Ó ní kò sí kòkòrò kankan tó ń wọ́ nínú eyín, bakitéríà tí ojú ò lè rí ni, ṣúgà tá a bá jẹ lòun náà ń jẹ, á wá máa tu nǹkan kíkan sílẹ̀, nǹkan kíkan yẹn ló ń jẹ eyín díẹ̀díẹ̀ títí á fi débi tí iṣan wà láàárín eyín, ìgbà yẹn lèèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í ké lóru. Ó ní ká ní mo wá nígbà tí ihò ṣì kéré, wọn ì bá kàn dí i, mi ò ní san ju owó táṣẹ́rẹ́ lọ. Báyìí, ó di kí wọ́n yọ ọ́ tàbí kí wọ́n ṣe root canal, ìyẹn ni pé wọ́n á gbẹ́ inú ẹ̀, wọ́n á yọ iṣan tó ti kú, wọ́n á fọ inú gbòǹgbò, wọ́n á wá fi nǹkan bíi rọ́bà dí i. Eyín iwájú, gbòǹgbò kan ló máa ń ní. Tèmi yìí, eyín ẹ̀yìn nísàlẹ̀, gbòǹgbò ẹ̀ méjì, ọ̀nà inú ẹ̀ sì máa ń tó mẹ́ta, ìdí nìyẹn tó fi wọ́n ju ti iwájú lọ.

Mo ní èló. Ó ní 120,000.

Mo dìde jókòó lórí àga. Ẹ jẹ́ ká bára wa sọ òótọ́, owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba Ọ̀yọ́ ń san fún òṣìṣẹ́ ẹ̀ ni 80,000, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san ní January 2025, ìyẹn ni pé ẹni tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ìjọba á ṣiṣẹ́ oṣù kan ààbọ̀, kò ní jẹun, kò ní wọkọ̀, kó tó lè tún eyín kan ṣoṣo ṣe. Mo sọ ọ́ síta. Mo ní "Dókítà, ẹ má bínú o, ẹ̀yin ni Nàìjíríà yìí dùn fún." Ìgbà yẹn ló bọ́ ìbòmú ẹ̀, ó fà àga kékeré ẹ̀ sún mọ́ mi, ó ní, "Mọ́mì, ẹ wo àga tẹ́ ẹ jókòó lé yìí."

Ó ní àga yẹn nìkan, owó mọ́tò ni, kì í sì í ṣe òun ló ni í, ọ̀gá òun ló ni í. Ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ eyín, atẹ́gùn ló ń yí i, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ló ń fún un ní atẹ́gùn, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ sì ń fẹ́ iná. Tí IBEDC, àwọn tó ń pín iná fún wa, bá mú iná lọ nígbà tí eyín ẹnìkan ti ṣí sílẹ̀, jẹ́nẹ́rétọ̀ gbọ́dọ̀ ti ń dún kí wọ́n tó ka méjì. Band A ni àdúgbò yẹn, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń fún níná jù tí wọ́n sì ń gba owó gọbọi lọ́wọ́ wọn, láti April 2024 tí wọ́n ti gbé e dé 225 náírà fún yúníìtì kan (wọ́n padà dín in kù díẹ̀), owó iná wọn lóṣù ti fò sókè, tí iná ò bá sì sí, owó dísẹ́ẹ̀lì ni. Abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹnu kú, rọ́bà tí wọ́n fi ń dí gbòǹgbò, àwọn fáìlì tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń họ inú ẹ̀, òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti ń wá, owó dọ́là ni. Dọ́là tí báńkì ń ṣẹ́ ní bíi 460 kó tó di June 2023, ó ti lé ní 1,500 ní 2024. Fáìlì yẹn náà kì í ṣe ohun tí wọ́n máa lò títí, tí wọ́n bá lò ó jù ó lè kán sínú gbòǹgbò eyín èèyàn, wàhálà ńlá sì nìyẹn. Lẹ́yìn náà owó ilé, owó nọ́ọ̀sì méjì, owó ẹni tó ń gbálẹ̀, owó ọmọbìnrin tó ń tẹ fóònù níwájú.

Mo wá bi í ní ìbéèrè tí mo gbé wá láti ilé. Mo ní tí wọ́n bá yọ gbogbo ìyẹn kúrò, èló ló kù fún ẹ̀yin? Ó wo ilẹ̀ díẹ̀. Ó ní owó oṣù òun ò tó owó root canal mẹ́ta.

Ẹ̀rù bà mí, mo fẹ́ sọ òótọ́. Ọdún mẹ́fà ní yunifásítì, tí ASUU ò bá yanṣẹ́ lódì o, ọdún kan house job, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, ọdún kan sísin ilẹ̀ baba ẹni, lẹ́yìn náà ó ti ṣiṣẹ́ ọdún bíi mẹ́rin. Èmi tí mo ń pariwo pé ó ń jẹ ayé, kò ju mí lọ tó bí mo ṣe rò.

Ó wá là mí lójú nípa ti ìjọba, ọ̀rọ̀ tí mo sì fẹ́ kí ọkọ mi gbọ́ nìyí. Ọkọ mi gbà pé "dókítà gidi" ń gbà ju dókítà eyín lọ. Irọ́ ni. Lọ́dọ̀ ìjọba, àtẹ owó oṣù kan náà ni àwọn méjèèjì wà, CONMESS ni wọ́n ń pè é, láti 2010 ni wọ́n ti ń lò ó, àkàsọ̀ méje ló ní, ẹni tó ń ṣe house job wà nísàlẹ̀ pátápátá, kọ́nsọ́tántì, ìyẹn dókítà àgbà, wà lókè. Ẹni tó gba MBBS, ìwé ẹ̀rí dókítà ara, àti ẹni tó gba BDS, ti dókítà eyín, tí wọ́n bá jọ bẹ̀rẹ̀ house job ní UCH lọ́jọ́ kan náà, iye kan náà ló máa wọ àkáǹtì wọn. Ìgbìmọ̀ kan náà ló ń fún wọn níwèé àṣẹ, MDCN, D tó wà láàárín orúkọ yẹn, eyín ni. Ẹni tó bá ní dókítà eyín kì í ṣe dókítà, kó lọ bi MDCN.

Ṣùgbọ́n àtẹ yẹn náà ni ẹjọ́ ti pọ̀ jù. Ẹ rántí 2021 tí àwọn résídẹ́ńtì dókítà, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ láti di kọ́nsọ́tántì, yanṣẹ́ lódì láti 2 August títí di 4 October, mi ò lè gbàgbé, ìyá mi wà lórí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò, mo bú gbogbo dókítà tó wà ní Nàìjíríà. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé owó ewu iṣẹ́ tí wọ́n ń fún wọn, nígbà tí COVID ń pa èèyàn, 5,000 náírà ni lóṣù. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lọ́nà mẹ́wàá, kò ju owó tí mo fi gba káàdì ní Bódìjà lọ. Ìparí ọdún 2021 yẹn ni wọ́n tó fi kún un. Ní 2023 wọ́n tún ń bèèrè pé kí ìjọba fi 200% kún CONMESS, 25% ni wọ́n rí.

Àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn oníoògùn, àwọn tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wò, àtẹ tiwọn yàtọ̀, CONHESS. Àbúrò mi obìnrin nọ́ọ̀sì ni, tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí ìbínú ẹ̀, ẹ dárúkọ CONMESS níwájú ẹ̀. Ohun tó ń bí wọn nínú ni pé ní 2014 wọ́n tún àtẹ àwọn dókítà ṣe, wọn ò tún tiwọn ṣe, JOHESU, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí kì í ṣe dókítà, sì ti ń lé ọ̀rọ̀ yẹn láti ìgbà náà, òun ló wà nídìí ìyanṣẹ́lódì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ìparí May 2023. Ẹ̀yìn àbúrò mi ni mo wà o: nọ́ọ̀sì ló ń wà lọ́dọ̀ aláìsàn lóru, òun ló ń gbé e dìde, òun ló ń nu ún. Mo bi dókítà mi nípa ẹ̀, kò bá mi jà, ó ní àwọn náà mọ̀, ó ní àga tẹ́ ẹ jókòó lé yìí, tí nọ́ọ̀sì ò bá fa omi ẹnu yín kúrò nígbà tí òun bá ń gbẹ́ eyín, òun ò lè ríran ṣiṣẹ́.

Ibi tí dókítà ara àti dókítà eyín ti wá yà lójú owó, ìta ìjọba ni. Ẹ fetí sí èyí dáadáa, torí òun ló yí ọkàn mi padà. Dókítà ara tó bá ti ní ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà, gbogbo ilé ìwòsàn aládàáni tó wà ní Ìbàdàn, láti Àpẹ́tẹ́ dé Akóbọ̀, ló lè gbà á fún iṣẹ́ alẹ́. Á ṣiṣẹ́ ìjọba lójúmọ́, á lọ sùn níbòmíì lálẹ́, wọ́n á sanwó oorun alẹ́ kan fún un. Dókítà eyín ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Láìsí àga, láìsí kọ̀mpúrẹ́sọ̀, láìsí iná, ọwọ́ lásán ló ní, ilé ìwòsàn eyín sì kéré níye. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí dókítà eyín bá ti ní àga tiẹ̀ tó sì ti san gbèsè orí ẹ̀ tán, ìgbà yẹn ni ìyà á bẹ̀rẹ̀ sí í tán, torí iṣẹ́ ọwọ́ ni, èèyàn ń sanwó lójú ẹsẹ̀, kì í sì í sábà sí ẹni tó máa kàn án lẹ́kùn ní aago méjì òru pé ìyàwó òun ń rọbí. Ọ̀gá tó ni ilé ìwòsàn yẹn, mọ́tò ẹ̀ wà nísàlẹ̀, mo rí i. Ẹni tó ni àga ló ń jẹ, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí àga ń dúró.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó kù ò pọ̀ lẹ́nu mi. Àbúrò mi ọkùnrin lọ́yà ni, ọdún márùn-ún ní yunifásítì, ọdún kan ní Law School, iléeṣẹ́ lọ́yà tó kọ́kọ́ gbà á lágbègbè Ìyágankú ń fún un ní 20,000 lóṣù, ní 2016, kóòtù dúdú sì rèé lábẹ́ oòrùn. Ó ti dáa fún un báyìí, ilẹ̀ àti ìwé ilẹ̀ ló gbé e dìde, kì í ṣe ẹjọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ní Sángo, èrè orí oògùn ló fi ń gbé, kì í ṣe owó oṣù, oògùn sì ti wọ́n débi pé èèyàn á mú ìwé dókítà wá, á wo iye ẹ̀, á ní kí wọ́n gé e sí méjì fún òun. Ọkọ mi ń ta páàtì tòkúnbọ̀ ní Gate, kò lọ sí yunifásítì kankan, oṣù míì wà tó máa ń mú wálé ju owó kọ́nsọ́tántì, oṣù míì sì wà tí èmi tíṣà ni mo ń ra epo sílé. Òun ló wá ń sọ fún ọmọ pé Medicine ló lówó.

Dókítà eyín mi ní ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ gbé Alexander Brown Hall nígbà tí wọ́n wà ní UCH, ọ̀rẹ́ yẹn ti wà ní Texas báyìí. Ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà yìí ni ọmọ mi máa ń gbé ka iwájú wa, torí náà mo lọ wò ó fúnra mi. Iléeṣẹ́ ìjọba wọn tó ń ka owó iṣẹ́, BLS, ní tí wọ́n bá to gbogbo dókítà eyín láti orí ẹni tó ń gbà kéré jù dé orí ẹni tó ń gbà jù, ẹni tó bọ́ sáàárín gba 170,910 dọ́là ní ọdún 2023. Ti dókítà ara, wọ́n kàn kọ ọ́ pé ó tó 239,200 tàbí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ibẹ̀ ni kíkà wọn parí sí. Lọ́yà 145,760. Oníoògùn 136,030. Nọ́ọ̀sì 86,070. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn tó kàn ń fọ eyín, tí wọn kì í ṣe dókítà, gba 87,530, wọ́n ju nọ́ọ̀sì lọ. Mo ka ìyẹn sí àbúrò mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì létí, ó ní kí n fi òun sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má wulẹ̀ máa fi 1,500 sọ ọ́ di náírà kẹ́ ẹ wá máa lá àlá. Níbẹ̀, ọdún mẹ́rin ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ lò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kí wọ́n tó tún lo mẹ́rin mìíràn nílé ẹ̀kọ́ eyín, gbèsè tí ọ̀pọ̀ wọn ń gbé jáde sì ń lọ sí bíi 300,000 dọ́là. Èyí tó bá sì ka tiẹ̀ ní Ìbàdàn, tó bá jẹ́ dókítà ara, á ṣe ìdánwò USMLE, á wá àyè iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́, á wọlé. Dókítà eyín, ìpínlẹ̀ tó pọ̀ jù ní wọ́n á ní kó padà sí ilé ìwé eyín tiwọn fún bí ọdún méjì tàbí mẹ́ta, owó ilé ìwé yẹn nìkan á ta ilé bàbá ẹni. Ìlú Òyìnbó ti Gẹ̀ẹ́sì náà, dókítà ara ń ṣe ìdánwò PLAB, dókítà eyín ń ṣe ORE, àyè ìdánwò ORE ò pọ̀, èèyàn lè dúró títí. Ìdí nìyẹn tí dókítà ara fi ń já pa bí ẹyẹ tí ọ̀pọ̀ dókítà eyín ṣì wà níbí. Dókítà mi ní òun ti fi orúkọ sílẹ̀ fún ORE rí. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀, èmi náà ò bi í mọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí eyín mi. Wọ́n gbà kí n san án díẹ̀díẹ̀, 50,000 lọ́jọ́ kìíní, 40,000 lọ́jọ́ kejì, 30,000 lọ́jọ́ kẹta, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún ìyẹn. Lọ́jọ́ kìíní POS wọn ò ṣiṣẹ́, mo ṣe tiránsífà, alááàtì ò dé ọ̀dọ̀ wọn, ọmọbìnrin iwájú yẹn dá mi dúró fún ogójì ìṣẹ́jú pẹ̀lú ẹnu tó ti kú lápá kan, itọ́ ń dà sí mi lára aṣọ, ìyẹn dùn mí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ fúnra ẹ̀, ẹ̀yin èèyàn, mi ò jẹ̀rora. Abẹ́rẹ́ yẹn ta mí bí èèrà, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ètè mi wú bíi tẹni tí oyin ta, mi ò mọ nǹkan kan mọ́, mo ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ lásán. Ó fi rọ́bà pẹlẹbẹ kan bo ẹnu mi kó ku eyín yẹn nìkan níta, ó ní kí itọ́ má baà wọ inú ẹ̀, kí fáìlì má sì já bọ́ sí mi lọ́fun. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ó pè mí lórí fóònù fúnra ẹ̀. "Mọ́mì, ṣé ẹ ti jẹun? Ẹ má fi apá ibẹ̀ jẹ nǹkan líle o." Mi ò tíì rí dókítà tó pè mí láti béèrè bóyá mo jẹun rí láyé mi, ìjọba tàbí aládàáni.

Wọ́n ní kí n ṣe adé sí i, ìyẹn ìdérí tí wọ́n máa fi bo eyín náà kó má baà fọ́ sí méjì torí eyín tí wọ́n ti yọ iṣan ẹ̀ tí wọ́n sì ti gbẹ́ tó báyẹn kì í lágbára bíi tàtijọ́, 110,000 ni, mi ò tíì rí i san. Mò ń dá àjọ.

Tí mo bá ní kí n fún wọn ní ìràwọ̀, mẹ́rin nínú márùn-ún. Ọ̀kan tí mo mú kúrò, ti ọmọbìnrin iwájú ni àti ti owó tí wọn ò lẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹni tí ihò eyín ẹ̀ ṣì kéré, ẹ jọ̀ọ́ ẹ lọ dí i báyìí, ẹ má dúró de kúlíkúlí. Ẹni tó bá wà lábẹ́ ìlera adójútòfò, NHIA tàbí ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè àwọn ìtọ́jú eyín tó wà nínú ohun tí wọ́n máa san, èmi ò bèèrè, àpò ara mi ni mo fi san gbogbo ẹ̀.

Ti ọmọ mi, mo sọ gbogbo ohun tí mo gbọ́ fún òun àti bàbá ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn oúnjẹ. Bàbá ẹ̀ dákẹ́ títí, ó wá ní "ṣé CONMESS yẹn, iye kan náà ni lóòótọ́?" mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, àga yẹn, èló gan-an ni wọ́n ń ta á? Mo ní owó mọ́tò ni wọ́n sọ. Ó ní mọ́tò wo, Máíkírà ni àbí Camry?

Mo ti bẹ dókítà, ó gbà pé Tọ́sìdeé tí mo bá ń lọ fún àyẹ̀wò, kí n mú ọmọ náà dání, á jẹ́ kó dúró sí kọ̀rọ̀ kó máa wò, tó bá ti lè wo inú ẹnu ìyá ẹ̀ láìfajúro.